Kẹ̀kẹ́ akẹ́rù, píkọ́ọ̀pù àbí ọkọ̀ oko òyìnbó: èwo ni ká fi máa lọ sóko pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Ológùnẹ́rù n'Ìbàdàn là ń gbé, oko wa sì wà lọ́nà Àkùfọ̀. Éékà mẹ́fà ni: àgbàdo, ẹ̀gẹ́, adìyẹ ẹlẹ́yin 500 àti odò ẹja kan. Èmi àti baálé mi la jọ ń ṣe é, ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo la ní. Àwọn ìbejì wa ti pé ọdún méje, Ìdòwú jẹ́ ọmọ ọdún méjì. Kò sẹ́ni tá a lè fi wọ́n tì lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo wa la jọ ń lọ. Corolla wa ti fẹ́ kú sójú ọ̀nà yẹn. Owó ọwọ́ wa lè ra kẹ̀kẹ́ akẹ́rù tuntun, tàbí ká wá díẹ̀ kún un ká ra píkọ́ọ̀pù tòkunbọ̀. Àbúrò ọkọ mi tó wà ní Kánádà ní ká má ra èyíkéyìí, pé òun á bá wa wá ọkọ̀ oko kékeré táwọn òyìnbó ń gùn, irú Gator tàbí Kubota. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ká rà?

Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọmọ. Lẹ́tà yín sọ iye adìyẹ, ó sọ iye éékà, ó tilẹ̀ mẹ́nu ba odò ẹja, ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí Táyé, Kẹ́hìndé àti Ìdòwú máa fìdí lé nínú ọkọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ rà. Mi ò fi bú yín o. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń tún ọkọ̀ àti ẹ̀rọ àgbẹ̀ ṣe láti Ìdó dé Akínyẹlé dé Lálúpọn, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo èèyàn ṣe ń béèrè. Wọ́n á ti ka iye àpò tí ọkọ̀ máa gbé, wọn ò ní ka ìdí ọmọ mọ́ ọn. Ìgbà tí ọkọ̀ bá dé tán lọmọ á wá di ẹni tó ń jókòó lórí àpò ẹ̀gẹ́.

Ẹ jẹ́ n ti ibi ìdáhùn bẹ̀rẹ̀. Píkọ́ọ̀pù onílẹ̀kùn mẹ́rin ni kẹ́ ẹ wá. Kó dàgbà díẹ̀ kò burú, tí bẹ́líìtì ìjókòó ẹ̀yìn bá ṣì pé tó sì ń ṣiṣẹ́. Bí owó ò bá ká a, ẹ tún ẹsẹ̀ Corolla yẹn ṣe, ẹ máa fi gbé ọmọ, kẹ́ ẹ sì máa háyà ẹni tó máa bá yín kó ẹrù títí owó á fi pé. Ẹ má torí àtigbé gbogbo ilé ra kẹ̀kẹ́ akẹ́rù.

Mo fẹ́ dá àbúrò Baba Ìbejì lóhùn ná, torí èrò rere ló rò. Ọkọ̀ oko kékeré yẹn dára lóòótọ́. Irin wà lókè rẹ̀ tó ń gba orí èèyàn bí ọkọ̀ bá dojú dé, bẹ́líìtì wà níbẹ̀, ó sì ń gba inú ẹrẹ̀ kọjá. Àmọ́ àwọn tó ń ṣe é gan-an ló ń kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 16 kò gbọ́dọ̀ wà á. Ti ẹni tó bá jókòó tì í náà tún wà lọ́tọ̀: ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ kan àga, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ tẹ́lẹ̀ pẹrẹsẹ, ọwọ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tó irin ìdìmú. Ẹ gbé Ìdòwú sórí àga tẹ́ ẹ fi ń jẹun nílé, kẹ́ ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa dé. Ti àwọn ìbejì pàápàá, bí wọn ò bá ga ju ẹgbẹ́ wọn lọ dáadáa, ńṣe lẹsẹ̀ á máa fì. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò lè so ìjókòó ọmọdé mọ́ ọn, wọn ò ṣe àga rẹ̀ fún un. Ọmọ mẹ́ta lẹ ní, kò sí ẹyọ kan nínú wọn tí ọkọ̀ yẹn láyè fún.

Wọn ò sì ṣe é fún títì. Kubota RTV-X900 tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì, nǹkan bí 40 kìlómítà ní wákàtí kan ni òpin eré rẹ̀. Èmi ò ní fẹ́ bá a pàdé láàárín àwọn takisí Mícrà ní Ológùnẹ́rù láàárọ̀. Ẹ ó tún wá ọkọ̀ míì tó máa gbé e lọ sóko. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá wá bàjẹ́ lára rẹ̀, ẹ lọ sí ọjà páàtì Àrárọ̀mí ní Gate kẹ́ ẹ ní ẹ ń wá páàtì Gator. Wọ́n á fún yín ní àga, wọ́n á fún yín lómi mu, wọ́n á sì máa wò yín.

Àní ẹ jẹ́ ká wọn oko náà fúnra rẹ̀. Bí éékà mẹ́fà bá rí onígun mẹ́rin ọgbọọgba, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan kò ju nǹkan bí 156 mítà lọ. Bárò tí táyà rẹ̀ le tàbí ọmọlanke tó dáa á ṣe iṣẹ́ inú oko yẹn láìmu epo. Àárín ilé sí oko, àti oko sí ọjà Bódìjà, ni wàhálà yín wà.

Kẹ̀kẹ́ akẹ́rù wá ńkọ́? Fún ẹrù nìkan, mo fẹ́ràn rẹ̀. Kì í mu epo púpọ̀, kò sí àdúgbò tí ẹ ò ti ní rí ẹni tó máa tún un ṣe. Bó bá jẹ́ pé ọmọ iṣẹ́ yín nìkan ló ń lọ tó ń bọ̀, òun ni mi ò bá ní kẹ́ ẹ rà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe dúró: táyà kan níwájú, méjì lẹ́yìn. Bí ẹni tó ń wà á bá ń yà síbì kan, tó tún tẹ bíréèkì, ìwúwo ẹrù á rọ́ wá síwájú, á sì fì sí ẹ̀gbẹ́ tí kò ti sí táyà tó máa gbà á. Ìdí tó fi ń dojú dé nìyẹn níbi tí mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin á ti kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò ní bẹ́líìtì, kò ní ilẹ̀kùn, bí ọmọ bá sì wà nínú agbọ̀n ẹrù rẹ̀, ọmọ náà ti di ẹrù.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù náà o. Mo mọ̀ pé ẹ ó sọ pé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gùn ún nígbà tiwa. Èmi náà gun bọ́lẹ̀kájà, mo sì gun ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ sóko. Àpá tó wà ní ìgbọ̀nwọ́ mi òsì, inú kòtò kan lọ́nà Ọmí-Àdìó ló ti wá, a ò sì sáré rárá lọ́jọ́ náà. Láti 1977 tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti dá Road Safety tirẹ̀ sílẹ̀, àwọn tí àgbà Ìbàdàn ń pè ní Májà-májà, títí dé 1988 tí ti ìjọba àpapọ̀ dé, ojú títì ni wọ́n ń ṣọ́. Lọ́nà Àkùfọ̀, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yà kúrò lórí ọ̀dà, ẹ̀yin nìkan ni Road Safety.

Ó yá, píkọ́ọ̀pù. Mo ní onílẹ̀kùn mẹ́rin. Ẹ ó rí àwọn kan tí wọ́n ń pè ní onílẹ̀kùn ààbọ̀, tí àga pẹlẹbẹ kékeré méjì wà lẹ́yìn, tí wọ́n ń ṣí sílẹ̀ láti ara ògiri, ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ á kọ ẹ̀gbẹ́ síwájú. Owó rẹ̀ máa ń fani mọ́ra. Ẹ má fọmọ síbẹ̀, kò sí ìjókòó ọmọdé tó ṣeé so mọ́ irú àga bẹ́ẹ̀.

Nínú onílẹ̀kùn mẹ́rin, ẹ wọ ẹ̀yìn lọ kẹ́ ẹ ka bẹ́líìtì. Ó yẹ kí ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gba èjìká kó tún gba itan. Ti àárín nínú àwọn tó ti pẹ́, ìbàdí nìkan ló máa ń gbà. Bí wọ́n ṣe máa jókòó rèé: Ìdòwú láàárín, nínú ìjókòó ọmọdé tó ní okùn tirẹ̀, torí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ṣeé fi bẹ́líìtì ìbàdí so. Bí ìjókòó náà bá lè kọ ojú sẹ́yìn tí Ìdòwú ò sì tíì ga tàbí wúwo jù fún un, kó ṣì máa kọ ojú sẹ́yìn. Táyé lọ́tùn-ún, Kẹ́hìndé lósì, oníkálukú lórí booster, ìjókòó tó ń gbé ọmọ sókè kí bẹ́líìtì àgbàlagbà lè gba èjìká rẹ̀ dípò ọrùn, kó sì gba itan dípò ikùn. Booster ò wúlò pẹ̀lú bẹ́líìtì ìbàdí nìkan, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fi ìbejì kankan sáàárín. Wọ́n á máa lò ó títí wọ́n á fi ga tó nǹkan bí 145 sẹ̀ǹtímítà. Wọ́n á ráhùn pé àwọn kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ráhùn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹrù. Adìyẹ ẹlẹ́yin kan ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 110 sí 120 lójúmọ́, ti 500 á jẹ́ kílò 55 sí 60. Lọ́sẹ̀ kan, ó ń lọ sí 400 kílò, ìyẹn àpò oníkílò 25 bíi 16. Ẹ fi ẹ̀yin àti Baba Ìbejì lé e, ká pè é ní 150. Àwọn ọmọ pẹ̀lú ìjókòó wọn, ká pè é ní 75. Ó ti di 625 kílò kí ẹnikẹ́ni tó ju ọkọ́ kan sẹ́yìn ọkọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé píkọ́ọ̀pù tí wọ́n bá pè ní oní-tọ́ọ̀nù kan, èèyàn inú rẹ̀ wà nínú tọ́ọ̀nù náà, onílẹ̀kùn mẹ́rin míì ò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà oúnjẹ adìyẹ ọ̀sẹ̀ kan á gbà dáadáa. Táǹkì omi oní-1000 lítà kò gbà, torí lítà omi kan, kílò kan ni. Táǹkì náà nìkan ti jẹ́ tọ́ọ̀nù kan, ó tún ń mì káàkiri bẹ́ ẹ bá ń yà. Bí ẹrù bá pọ̀ jù lẹ́yìn, iwájú á fúyẹ́, ọwọ́ ọkọ̀ á rọ̀ jù, bíréèkì á sì pẹ́ kó tó mú. Èyí tó wúwo jù ni kẹ́ ẹ tì mọ́ ẹ̀yìn ilé ọkọ̀, kẹ́ ẹ sì so ó. Oògùn ìpakòríko àti kẹ́ẹ̀gì epo kò gbọ́dọ̀ bá àwọn ọmọ jókòó nínú ilé ọkọ̀, bó ti wù kí ìdérí rẹ̀ le tó.

Ẹ ò béèrè nípa fọ́wíìlì, ìyẹn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, àmọ́ àwọn tó ń ta ọkọ̀ á fi dẹ yín. Ó dùn lóòótọ́ nígbà òjò, bẹ́ẹ̀ sì ni páàtì tó lè bàjẹ́ pọ̀ sí i. Táyà tuntun tí ojú rẹ̀ jìn á ṣe yín lóore jù ú lọ lọ́nà yẹn. Kò sì sí fọ́wíìlì tó ń dá omi dúró. Ẹni tó bá bá omíyalé Ògùnpa ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 kì í ṣe awuyewuye lórí èyí. Omi tó ga tó 30 sẹ̀ǹtímítà lè gbé mọ́tò kékeré léfòó, tó bá tó 60, ó ń gbé píkọ́ọ̀pù lọ. Bẹ́ ẹ ò bá ti rí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ omi, ẹ dúró kí ó fà.

Nígbà tẹ́ ẹ bá lọ wo ọkọ̀, ẹ mú mẹkáníìkì tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tó ń tà á. Kó wọ abẹ́ rẹ̀. Tòkunbọ̀ tó bá wá láti Kánádà lè dán lókè kó ti jẹrà nísàlẹ̀, torí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà nígbà yìnyín. Bẹ́ ẹ bá rí ojú wẹ́dà lára ṣásí, ẹ yáa máa bọ̀ nílé. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láìtíì sítáàtì: iná airbag, àpò tó ń fẹ́ gba èèyàn bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, gbọ́dọ̀ tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kó sì kú. Bí kò bá kú, nǹkan ṣe é. Bí kò bá tàn rárá, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀ kẹ́ ẹ má bàa mọ̀. Ẹ fa bẹ́líìtì kọ̀ọ̀kan jáde tán kẹ́ ẹ wo bóyá wọ́n ti gán an, kẹ́ ẹ tún já a lójijì, ó gbọ́dọ̀ há. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin ìparí DOT lára táyà: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Nọ́ńbà ṣásí àti ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ dọ́gba.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù kò sí lójú títì. Inú oko ni, nígbà tí Baba Ìbejì bá ń fi rífáásì. Píkọ́ọ̀pù ga, ọmọ ọdún méjì tó bá dúró sẹ́yìn rẹ̀, dígí kankan ò fi hàn. Ìdòwú á sì fẹ́ tẹ̀ lé bàbá rẹ̀. Ẹ fi ṣe òfin pé ẹ́ńjìnnì ò ní dún àfi tí àgbàlagbà kan bá di ọwọ́ Ìdòwú mú, tí ẹni tó ń wà á sì rí wọn lójú ara rẹ̀. Bí ẹ bá lè fi kámẹ́rà ẹ̀yìn sí i, ẹ fi sí i, àmọ́ kó má rọ́pò ọwọ́ dídìmú. Ẹ má sì jẹ́ kó sùn sínú ọkọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń kó ẹyin. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ooru inú rẹ̀ lè fi nǹkan bí 10 dígíríì ga ju ti ìta lọ. Kọ́kọ́rọ́ náà, àpò yín ni kó máa wà, torí ọmọ ọdún méje tó ti ń wo bàbá rẹ̀ láti ọjọ́ yìí mọ bí wọ́n ṣe ń sítáàtì.

Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ kó àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ìjókòó wọn lọ síbi tí ọkọ̀ wà, ẹ so gbogbo wọn mọ́ ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ ti ilẹ̀kùn méjèèjì. Bí ọ̀kan ò bá tì, ẹ tú àwọn ọmọ yín, ẹ kí ẹni tó ń tà á pé ó dàbọ̀, kẹ́ ẹ lọ wo òmíràn.