Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí ìtọ̀ mi ti ń rùn, ṣé ìtọ̀ ṣúgà ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Ẹni ọdún 46 ni mí, aṣọ ni mò ń tà lọ́jà n'Ìbàdàn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ìtọ̀ mi ti ń rùn, pàápàá láàárọ̀ àti nígbà tí mo bá ti ọjà dé. Kò ta mí, ara mi kò sì gbóná. Ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ní ìtọ̀ ṣúgà ni, kí n má jẹ ẹ̀bà mọ́. Ẹlòmíràn ní àtọ̀sí ni, ó sì fún mi ní hóró oògùn mẹ́fà tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. N kò tíì lò ó. Kí ni kí n ṣe? Ìtọ̀ màmá mi náà ń rùn, ẹni ọdún 78 ni wọ́n.

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun gan-an tí ẹ kò tíì lo oògùn yẹn, mà. Ẹ má tilẹ̀ lò ó. Màá sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ bi yín ni pé, omi mélòó lẹ ń mu láti ìgbà tí ẹ bá ti pàtẹ títí ẹ ó fi palẹ̀ mọ́? Mo mọ bí ọjà ṣe rí. Ilé ìtọ̀ jìnnà, ó dọ̀tí, wọ́n tún ń gbowó níbẹ̀, ta ni yóò sì bá èèyàn ṣọ́ ọjà? Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ obìnrin ọjà fi ń ṣọ́ omi mu: píọ̀ wọ́tà kan láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n kíndìnrín kò ní torí pé omi kò tó kó má da ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ nù. Ìwọ̀nba omi tó bá rí ni yóò fi kó gbogbo rẹ̀ jáde. Ìtọ̀ á wá ki, á pọ́n bíi tíì tí wọn kò bu mílíìkì sí, òórùn rẹ̀ á sì le. Àkókò tí ẹ dárúkọ ló jẹ́ kí ọkàn mi kọ́kọ́ lọ síbẹ̀: láàárọ̀, ẹ ti sùn mọ́jú láì mu omi, nírọ̀lẹ́, ẹ ti fi òùngbẹ tajà.

Ẹ dán an wò fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ máa mu omi jálẹ̀ ọjọ́, àfi bí dókítà bá ti ní kí ẹ dín omi kù nítorí àìsàn ọkàn tàbí ti kíndìnrín. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n yín, ẹ má pa á mọ́ra. Tó bá mọ́, tó rí bí omi tí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí, tí òórùn náà sì lọ, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ẹ wo ibi tí ẹ ti ń gbọ́ òórùn náà pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ inú póò tó wà ní yàrá mọ́jú ni, ìtọ̀ kí ìtọ̀ tó bá pẹ́ nílẹ̀, kòkòrò máa ń sọ èròjà kan nínú rẹ̀ di amóníà, afẹ́fẹ́ olóòórùn kan, òun ló ń ta síni nímú. Aáyù náà ń yí òórùn ìtọ̀ padà, ẹ sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rẹ ẹ́ sómi mu nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọfí, fítámì B-complex tó ń sọ ìtọ̀ di yẹ́lò rokoṣo, àti àwọn oògùn apakòkòrò kan.

Tí omi kò bá yanjú rẹ̀, àyẹ̀wò ló kàn. Ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde lára obìnrin kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, ti ọkùnrin sì tó 20. Ìdí nìyí tí kòkòrò inú ìgbẹ́ fi tètè ń gòkè sínú àpòìtọ̀ obìnrin. Tó bá ti débẹ̀, ìtọ̀ sábà máa ń ta, á máa gbọ̀n yín ṣáá, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa jáde. Ó lè dàrú bí omi ìfọ̀ṣọ, kí abẹ́ ìdodo sì máa dùn yín. Pé kò ta yín fi mí lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó láti fọwọ́ sọ̀yà.

Ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tàbí ní láàbù, wọ́n á fún yín ní ike. Ẹ fi omi fọ ojú ara níta, ẹ jẹ́ kí ìtọ̀ àkọ́kọ́ dà sílẹ̀, àárín rẹ̀ ni kí ẹ gbà sínú ike, kí ẹ sì fà á lé wọn lọ́wọ́ kó tó pé wákàtí kan. Wọ́n á ti ìwé pẹlẹbẹ kan tó ní ojú oríṣiríṣi bọ inú rẹ̀. Ojú kan wà tó máa ń di pupa rẹ́súrẹ́sú bí kòkòrò bá wà. Òmíràn á pọ́n bí àlùkò láàárín ìṣẹ́jú méjì bí ara bá ti ń bá kòkòrò jà. Bí méjèèjì kò bá yí padà, tí nǹkan kan kò sì ta yín, ó ṣòro kó jẹ́ kòkòrò.

Hóró oògùn tí ẹnì kejì fún yín ńkọ́? Hóró mẹ́fà lè má pa kòkòrò náà tán, ó sì lè dín in kù tó bẹ́ẹ̀ tí láàbù kò fi ní rí i mọ́. Ó tún lè jẹ́ èyí tí ara yín kò gbà rárá. Àtọ̀sí kì í sábà fi òórùn ìtọ̀ hàn. Kí oje máa jáde lójú ara tàbí kí ìtọ̀ máa ta ni a sábà ń rí, ọ̀pọ̀ obìnrin kì í tilẹ̀ rí nǹkan kan, àyẹ̀wò tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló ń tú u fó. Bó bá wá jẹ́ òórùn bíi ti ẹja, tó ń le lẹ́yìn ìbálòpọ̀, ojú ara ló ti ń wá, kì í ṣe inú ìtọ̀, oògùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọṣẹ tàbí álọ́ọ̀mù fọ inú ibẹ̀. Mo ti rí àwọn tí ó bó lára.

Ní ti ìtọ̀ ṣúgà, ṣúgà fúnra rẹ̀ kò lóòórùn. Kì í sì í sábà yọ sínú ìtọ̀ àfi tí ti inú ẹ̀jẹ̀ bá ti ga tó nǹkan bíi 180 mg/dl, nítorí náà ìtọ̀ lè mọ́ kí àìsàn náà ti wọlé. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ tó jẹun, ni kí ẹ ṣe. Tó bá tó 126 mg/dl, tí wọ́n tún un ṣe tó sì rí bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ ni. Ẹ má torí ọ̀rọ̀ aládùúgbò pa ẹ̀bà tì kí ẹ tó ṣe é. Èyí tí kò gba ọ̀la ni kí ìtọ̀ tàbí èémí máa rùn bí èso tó pọ́n jù, kí òùngbẹ máa gbẹ èèyàn, kó máa bì, kó máa mí gúlegúle. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ lójú ẹsẹ̀.

Bákan náà ni kí ẹ lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an bí ibà bá dé pẹ̀lú ìgbọ̀n òtútù, tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ń dùn lábẹ́ ìhà, tí èèyàn ń bì, tàbí tí ìtọ̀ há. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ kò ṣeé fojú fò. Ọmọ tó ń wẹ̀ lódò, tí ẹ̀jẹ̀ ń kán níparí ìtọ̀ rẹ̀, ó lè jẹ́ àtọ̀sí ajá, àìsàn aràn tí a ń kó nínú odò, ó sì ní oògùn tirẹ̀. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ dúró wòran rárá, nítorí kòkòrò inú ìtọ̀ lè gòkè dé kíndìnrín, ó sì lè mú kí ọmọ wáyé ṣáájú ọjọ́. Ọkùnrin tí ìtọ̀ ń ta náà, kó lọ rí dókítà.

Màmá ló kù. Àgbà kì í sábà mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun, nítorí náà ẹ máa bu omi fún wọn láì dúró de ìgbà tí wọ́n bá béèrè. Kòkòrò lè wà nínú ìtọ̀ àgbà obìnrin láì ṣe é ní nǹkan kan, kò sì yẹ kí wọ́n lo oògùn apakòkòrò nítorí òórùn nìkan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣàdédé ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ, tí wọn kò dá èèyàn mọ̀ bí tẹ́lẹ̀, tí ara wọn gbóná, tàbí tí wọ́n kọ oúnjẹ, ẹ gbé wọn lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ kọ gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò sínú ìwé kan, títí kan àgbo, kí ẹ sì mú ìwé náà dání.