Èsì: Ìbọ̀wọ́ méjì kò dá abẹ́rẹ́ dúró
Àbúrò, o béèrè bóyá wíwọ ìbọ̀wọ́ méjì léra wọn ti tó láti dáàbò bo ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé ìwòsàn eyín, kí abẹ́rẹ́ má bàa kó àrùn ràn án. Kò tó o! Gba àjẹsára Hepatitis B (àrùn ẹ̀dọ̀ tó ń ranni látinú ẹ̀jẹ̀) ná, ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù 6, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò lẹ́yìn rẹ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́. Hepatitis C, irú àrùn ẹ̀dọ̀ mìíràn, ò ní àjẹsára rárá.

Ìgbà tá a bá ń dé abẹ́rẹ́ padà ló sábà máa ń gúnni. Má fọwọ́ kejì di ìdérí mú. Jẹ́ kó wà nínú àwo, kó o fi ọwọ́ kan ṣoṣo ti abẹ́rẹ́ wọ inú rẹ̀.

Tó bá gún ọ, má fún ojú ibẹ̀, má da Hypo sí i (àwọn èèyàn wa fẹ́ràn ìyẹn jù). Ọṣẹ àtomi ni. Sọ fún ọ̀gá rẹ lójú ẹsẹ̀: oògùn tó ń dènà HIV, ọlọ́jọ́ 28, kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 72 kó o tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.