Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó: ẹ má ka wákàtí òkè nìkan

Arábìnrin tó béèrè bí Lọ́ńdọ̀nù ṣe jìnnà sí Èkó tó, torí ẹ fẹ́ balẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán kẹ́ ẹ sì wọ bàálù aago márùn-ún lọ sí Àbújá: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó tíkẹ́ẹ̀tì kejì yẹn.

Ọ̀nà náà tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà, bíi wákàtí 6 àti ààbọ̀ sì ni lókè. Ní oṣù Kìíní tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, aago Èkó fi wákàtí kan ṣáájú ti Lọ́ńdọ̀nù. Ìyẹn ò le. Orí ilẹ̀ ni wàhálà wà.

Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ báyìí ló kó ìyà jẹ mí. Bàálù wa ò tètè gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù: ẹnì kan ti fi ẹrù sílẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ò wọlé, wọ́n wá ń tú ẹrù gbogbo wa láti wá tiẹ̀ jáde. A balẹ̀, mo tò, mo dúró ti ẹrù títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Nígbà tí àpótí mi jàjà yọ, ọ̀gá kan tó wọ aṣọ ìjọba ní kí n ṣí i. Ó ń fi ìka kan gbé ìpara àti ṣòkòtò inú ẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá rẹ́rìn-ín: “Ẹ ò rántí wa ni?” Lójú ẹni tí bàálù ẹ̀ ń lọ!

Ibi tẹ́ ẹ balẹ̀ sí ní Ìkẹjà kọ́ lẹ ti máa wọ bàálù abẹ́lé o. Ẹ máa jáde síta, ẹ máa wọ mọ́tò lọ sí MMA2 tàbí GAT, ibùdó bàálù abẹ́lé méjèèjì, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti mọ èwo ni tiyín. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti pa kàńtà dé. Ilé iṣẹ́ bàálù tó pẹ́ sọ pé Èkó ni tíkẹ́ẹ̀tì tòun parí sí, kò kan òun. Ti abẹ́lé ní òun ò mọ ẹni tó pẹ́. Owó tíkẹ́ẹ̀tì tuntun, owó òtẹ́ẹ̀lì, owó ẹrù tó pọ̀ jù: àpò mi ni gbogbo ẹ̀ ti jáde.

Gbà-má-bínú wà ṣá. Bí bàálù bá gbéra láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀nà ẹ̀ ju 3,500 kìlómítà lọ, tó fi ju wákàtí 4 pẹ́ dé, tó sì jẹ́ ẹ̀bi ilé iṣẹ́ ọkọ̀, £520 ni òfin wọn sọ. Ẹ béèrè, ẹ má tijú. Ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì Àbújá ti jóná nìyẹn.

Bó bá jẹ́ òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè lórí ìwé ẹ̀rí yín nìkan lẹ ń wá lọ sí Àbújá, bàálù ń lọ tààrà láti Lọ́ńdọ̀nù sí Àbújá, ẹ kọ́kọ́ wo iye ẹ̀. Bó bá wọ́n jù, ẹ ra gbogbo ọ̀nà pọ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, àbí kẹ́ ẹ sùn lọ́dọ̀ àǹtí yín tẹ́ ẹ ní ó wà ní Ògbà, kẹ́ ẹ gbé ti àárọ̀. Èkó sí Àbújá ò ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ lókè. Ọyẹ́ á ti dé nígbà yẹn, eruku sì lè dá bàálù abẹ́lé dúró látàárọ̀ ṣúlẹ̀, torí náà ẹ fi ọjọ́ kan kún ètò yín. Ti òǹtẹ̀ yẹn ò le rárá, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ ṣáà fi ìwé ẹ̀rí náà sínú báàgì ọwọ́, ẹ má kó o sínú àpótí.