Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ẹ tó lọ jókòó sẹ́yìn Y

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Atúmọ̀ èdè Yorùbá ni mò ń ṣe sórí íntánẹ́ẹ̀tì, inú PostgreSQL (ètò ìkó-dátà, ìyẹn database) ni mo kó ọ̀rọ̀ sí. Mo fi ORDER BY (àṣẹ tó ń to nǹkan) tò ó, síbẹ̀ "ẹja" àti "ọmọ" wà lẹ́yìn "yàrá", "gbogbo" sì há sáàárín "ga" àti "gígùn". Ṣé kí n máa fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ni?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ má fi nọ́ńbà dá ara yín lágara. Collation (ìlànà títo lẹ́tà) "C" ni database yín ń lò: nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fún lẹ́tà ló fi ń tò ó, nọ́ńbà lẹ́tà ẹ àti ọ sì ju ti y lọ. Ní ti gb, g àti b lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló kà á sí.

Láti PostgreSQL 10 (2017) ni ICU, àkójọ ètò tó mọ òfin títo lẹ́tà oríṣiríṣi èdè, ti wà níbẹ̀, ICU sì mọ a, b, d tiwa:

SELECT oro FROM atumo ORDER BY oro COLLATE "yo-x-icu", id;

Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ á wà pa pọ̀, torí ìgbà tí lẹ́tà bá dọ́gba ló tó ń wo àmì ohùn. Ẹ má yọ id ìparí yẹn (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan nínú tábìlì) kúrò. Bí ọ̀rọ̀ méjì bá jọra délẹ̀, LIMIT (àṣẹ tó ń pín èsì sí ojú ewé) lè gbé ọ̀kan jáde lójú ewé méjì, kí èkejì má jáde rárá.

Àmì abẹ́ lẹ́tà ni wàhálà gan-an. Àwọn kíbọọ̀dù kan ń fi ìlà kékeré (nọ́ńbà rẹ̀ ni U+0329) sábẹ́ e dípò àmì tóótó (U+0323). Ojú wa lè má mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ICU á kà á sí e, á sì dà á pọ̀ mọ́ àwọn ọ̀rọ̀ e. Ẹ ṣe bákúpù, kí ẹ wá tún un ṣe (PostgreSQL 13 sókè; NFC ń so lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀ bó bá ṣeé ṣe):

UPDATE atumo SET oro = normalize(replace(oro, U&'\0329', U&'\0323'), NFC);

Ẹ fi àtúnṣe kan náà síbi tí fọ́ọ̀mù ti ń gba ọ̀rọ̀ wọlé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìdọ̀tí á tún padà. Bí ọ̀rọ̀ bá pọ̀, ẹ ṣe index (atọ́ka tó ń mú kí database yára) pẹ̀lú collation yìí gan-an. Index lásán kò wúlò fún àtò yìí.

Ìbéèrè: MySQL, database mìíràn, ni èmi ń lò ní tèmi. Ṣé ó ní irú rẹ̀?

Ìdáhùn: Kò ní ti Yorùbá. Ẹ fi kọ́lọ́ọ̀mù kan kún tábìlì, ẹ pè é ní "kokoro". Kí ètò yín sọ ọ̀rọ̀ di lẹ́tà kékeré, kó yọ àmì ohùn, kó wá yí ẹ sí ez, gb sí gz, ọ sí oz, ṣ sí sz. A ò ní z, y ló kẹ́yìn lẹ́tà wa, nítorí náà ez á tẹ̀lé gbogbo ọ̀rọ̀ e. Lẹ́yìn náà: ORDER BY kokoro, oro, id. Àmì ohùn nìkan ni kí ẹ yọ; bí ẹ bá yọ àmì abẹ́ mọ́ ọn, lẹ́tà ẹ á ti di e kí ètò yín tó yí i.