Ọmọ ogun ara nínú jẹjẹrẹ ẹnu

Ìbéèrè: Wọ́n gé ẹran díẹ̀ níbi egbò ahọ́n bàbá mi. Èsì ní jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣé ire nìyẹn?

Ìdáhùn: Ire wà níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tí à ń pè ní CD8 máa ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ní tààrà, ẹni tí wọ́n bá sì pọ̀ nínú kókó jẹjẹrẹ rẹ̀ sábà máa ń pẹ́ láyé ju ẹni tí wọ́n ṣọ̀wọ́n nínú tirẹ̀ lọ. Àmọ́ èyí tó wọ àárín jẹjẹrẹ yàtọ̀ sí èyí tó kàn tò sí etí rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń wò ó rèé: wọ́n á rẹ ẹran náà sínú fọ́málíìnì, oògùn tí kì í jẹ́ kí ó bàjẹ́, wọ́n á rẹ́ ẹ tín-ín-rín, bíi máíkírọ́ọ̀nù 4 (máíkírọ́ọ̀nù 1,000 ló wà nínú mílímítà kan), wọ́n á sì fi aró kùn ún. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara á wá hàn ní róbótó kéékèèké, wọ́n á dúdú bí ẹlú tí a wọ́n sára aṣọ. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé nìyí: ojú egbò máa ń fa sẹ́ẹ̀lì funfun mọ́ra nítorí kòkòrò àrùn, kì í ṣe nítorí jẹjẹrẹ. Kò yẹ kí wọ́n ka ti ojú egbò mọ́ ti inú jẹjẹrẹ. Ẹran tó kéré jù náà lè tan ni jẹ.

Ohun tó wúwo ju èyí lọ tí ẹ gbọ́dọ̀ bi dókítà ni bí jẹjẹrẹ náà ṣe jìn tó (mílímítà 5 àti 10 ni ààlà tí wọ́n fi ń pín ìpele rẹ̀), bóyá ó ti dé kókó ọrùn, àti lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bóyá etí ẹran tí wọ́n gé jáde mọ́, ìyẹn ni pé kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí èsì yìí sún iṣẹ́ abẹ bàbá síwájú.