Ẹ Bi Ìyá Olùkọ́: Díkíṣọ́nárì ni mò ń há sórí, gírámà mi kò sì dára

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ọdún kejì mi rèé nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kà. Mò ń há díkíṣọ́nárì sórí, mo ti parí lẹ́tà D. Àmọ́ bí mo bá kọ àròkọ, yíǹkì pupa ló ń kún inú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má sọ Yorùbá mọ́ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ẹ wo àròkọ tí mo fi há inú lẹ́tà yìí, kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn.
Akẹ́kọ̀ọ́, Ìṣẹ́yìn

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, mo ti kà á. Àròkọ lórí ọjà àdúgbò yín, o wá ki “conundrum” bọ̀ ọ́! Ta ló rán ọ? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Olùkọ́ yín kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí o ti ń lò láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló fa yíǹkì sí.

O kọ “I have seen her yesterday”. Mo mọ ibi tó ti wá. Bí o bá sọ pé “mo ti rí i lánàá”, kò sí Yorùbá tó máa bá ọ wí. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà bẹ́ẹ̀. Tí o bá ti dárúkọ àná, tàbí ọdún tó kọjá, tàbí 2019, “have” gbọ́dọ̀ kúrò ńlẹ̀: “I saw her yesterday”. Tí o kò bá dárúkọ ìgbà kankan, tí o kàn fẹ́ ká mọ̀ pé o ti rí i, “have” lè dúró. Fa ìlà sábẹ́ gbogbo “have” inú àròkọ yẹn, kí o wá wo ohun tó tẹ̀ lé e.

“We discussed about” ńkọ́? “Sọ̀rọ̀ nípa” ló wà lọ́kàn rẹ. “Discuss” kì í gba “about”, “emphasise” kì í gba “on”. (Àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì náà ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí náà má ṣe wo lẹ́tà wọn kọ́ṣẹ́.)

Ti “furnitures” àti “informations”, àwa a máa gbé “àwọn” ṣáájú ohun tó bá wù wá. Ibí gan-an ni díkíṣọ́nárì ti wúlò. Ra èyí tí wọ́n ṣe fún ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ìyá rẹ̀. Ní Japan, níbi tí A. S. Hornby ti ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe èyí tó lókìkí. Ó jáde ní 1942, Oxford tún un tẹ̀ ní 1948. Wàá rí C tàbí U lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ: C ṣeé kà ní oókan, U kò ṣeé kà, kò sì gbọdọ̀ ní “s” ọ̀pọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń fo lẹ́tà yẹn kọjá, ìtumọ̀ lẹ̀ ń sáré bá. Gbólóhùn àpẹẹrẹ tó wà lábẹ́ ìtumọ̀ ni kí o dà kọ, kí o wá fi ọ̀rọ̀ ilé yín ṣe tìrẹ. Ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ́sẹ̀ ti tó. Fi E sílẹ̀ ná.

Ní ti ọ̀rẹ́ rẹ, inú mi kò dùn sí ìmọ̀ràn rẹ̀ rárá. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ n'Ílé-Ifẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà. Gẹ̀ẹ́sì dá dúró bí iṣẹ́ kan, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ló sì ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọn kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Máa sọ Yorùbá rẹ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ṣì ń jiyàn, kí òun náà kọ̀wé sí mi.