"If" yìí fẹ́ pa mí nínú LSAT

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Houston níbí ni mo wà, mò ń múra LSAT lọ́wọ́, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọlé láti kọ́ iṣẹ́ lọ́yà ní Amẹ́ríkà níbí. Kúẹ́ṣọ̀n tó bá ti ní "if" nínú, tí wọ́n ní kí n sọ ibi tí àlàyé ẹnì kan ti ní àbùkù, lójú mi gbogbo ẹ̀ máa ń dà bí òótọ́ ni, àfìgbà tí mo bá wo ìdáhùn tán. Báwo lèèyàn ṣe ń tètè dá àṣìṣe yẹn mọ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kú ìmúra. Ibi tó o ti ń ṣubú yẹn ni ọ̀pọ̀ àwọn tí mò ń kọ́ ti ń ṣubú, má bínú síra ẹ. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n o, torí láti August 2024 tí wọ́n ti yọ apá tí wọ́n ń pè ní Logic Games kúrò, apá Logical Reasoning méjì, níbi tí irú kúẹ́ṣọ̀n tìẹ yìí wà, ni wọ́n ń máàkì báyìí, ìṣẹ́jú 35 fún ìkọ̀ọ̀kan, kò sí àyè pé à ń rò ó lọ rò ó bọ̀.

Jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú, àbí? Ó dáa, o pàdé obìnrin kan tó ń jẹ́ Kúmólú, o ti mọ̀ pé ìdí wà nìyẹn, ọ̀rọ̀ parí. Àmọ́ tí mo bá ní agboolé kan wà tí ìdí pọ̀ síbẹ̀ rẹpẹtẹ, ṣé o lè búra pé obìnrin ibẹ̀ á máa jẹ́ Kúmólú? Wọ́n lè sọ ọ́ ní Bọ́lá jẹ́jẹ́ wọn. One-way ni "if", àwọn tó ń ṣètò ìdánwò yìí kàn ń wá ẹni tó máa gbà á padà ni.

Ká ní kúẹ́ṣọ̀n sọ pé gbogbo lọ́yà Nàìjíríà ló ti gba Law School kọjá. Túndé jẹ́ lọ́yà, a jẹ́ pé ó lọ Law School, ìyẹn dáa. Ṣadé ò dé Law School rí, a jẹ́ pé kì í ṣe lọ́yà, ìyẹn náà dáa. Wàhálà wá dé tí wọ́n bá ní Bísí lọ Law School torí náà lọ́yà ni, tàbí pé Kúnlé kì í ṣe lọ́yà torí náà kò lọ Law School. Tó o bá fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn síwájú, o gbọ́dọ̀ fi "kò" sí apá méjèèjì pẹ̀lú. Tó o bá ṣe ọ̀kan láìṣe èkejì, o ti ṣìnà nìyẹn.

Nínú áńsà, sufficient (ohun tó tó fúnra ẹ̀) àti necessary (ohun tí kò ṣeé má ní) ni wọ́n máa fi ń dà ẹ́ lójú rú. Necessary dà bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀, kò ṣeé má fi sí, ṣùgbọ́n ta ló máa bu iyọ̀ sínú omi gbígbóná tó máa pè é ní ọbẹ̀? Ẹni tó ní lọ́yà ni Bísí ti pe iyọ̀ ní ọbẹ̀. "Only if" àti "unless" náà, iyọ̀ ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Tí wọ́n bá ní o ò lè wọ pátì àyàfi tó o bá ní tíkẹ́ẹ̀tì, tíkẹ́ẹ̀tì lè wà lọ́wọ́ ẹ kí wọ́n ṣì lé ẹ padà torí ọtí ti ń pa ẹ́.

Kì í ṣe pé orí ẹ ò pé o, ilé la ti kọ́ ọ. Tí màmá bá ní "tó o bá fọ abọ́ màá fún ẹ ní mínírà", ọmọ ti mọ̀ pé bí òun ò bá fọ̀ ọ́, kò sí mínírà, ó sì tọ̀nà, ohun tí màmá ní lọ́kàn nìyẹn. LSAT ò mọ ohun tó wà lọ́kàn màmá, ohun tó jáde lẹ́nu ẹ̀ ló ń gbọ́.

Peter Wason, onímọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń ronú, ti dán irú ẹ̀ wò ní England ní 1966. Ká ní káàdì mẹ́rin wà nílẹ̀, lẹ́tà wà lójú kan, nọ́ńbà wà lójú kejì, ohun tó ò ń rí ni E, K, 4 àti 7, òfin sì ni pé tí vowel (A, E, I, O tàbí U) bá wà lójú kan, nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì ló gbọ́dọ̀ wà lójú kejì. Èwo lo máa ṣí wò láti mọ̀ bóyá wọ́n rú òfin? Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń mú E àti 4, bẹ́ẹ̀ E àti 7 ni, torí kò sóhun tó lè wà lẹ́yìn 4 tó máa ba òfin jẹ́, àmọ́ tí vowel bá wà lẹ́yìn 7, wọ́n ti rú òfin nìyẹn. Àmọ́ nígbà tí àwọn olùwádìí méjì, Griggs àti Cox, fi bíà àti ọjọ́ orí ṣe irú ẹ̀ ní Florida ní 1982, pé ẹni tó bá ń mu bíà gbọ́dọ̀ ti ju ọmọ ọdún 19 lọ, ọ̀pọ̀ ló gbà á, torí gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọdé ni wọ́n á yẹ ife ẹ̀ wò, kì í ṣe bàbá àgbà.

Nítorí náà, ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe ni pé kó o sọra ẹ di ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Tó o bá ti ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi parí àlàyé wọn, wá ẹnì kan tí kò rú òfin wọn rárá, síbẹ̀ tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wọn ò bá a mu. Bíi Bísí tó lọ Law School tó wá féèlì ìdánwò àṣejáde. Tó o bá ti rí Bísí, àbùkù ti wà níbẹ̀ nìyẹn, mú áńsà tó sọ ọ́, kó o sì kọjá sí kúẹ́ṣọ̀n tó kàn.